Ìbò Dín, Àga Pọ̀: Ẹgbẹ́ Liberal Democrats àti Òfin Ìdìbò Bìrìtéènì

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3.7 ló dìbò fún ẹgbẹ́ Liberal Democrats ní Bìrìtéènì. Àga 11 péré ni wọ́n rí mú nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ìbò 149 sì ni Jo Swinson tó jẹ́ olórí wọn nígbà náà fi pàdánù àga tirẹ̀ ní Scotland. Nígbà tí ìdìbò mìíràn dé ní oṣù Keje ọdún 2024, àwọn tó dìbò fún wọn dín sí mílíọ̀nù 3.5, ṣùgbọ́n àga 72 ni wọ́n kó délé. Láti ọdún 1923, ẹgbẹ́ lìbẹ́ràlì kankan kò rí irú rẹ̀ mọ́ nílẹ̀ náà. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ lè rò pé àwọn kan ti ṣe màgòmágó. Wọn kò ṣe é. Bí òfin ṣe ní kí wọ́n ka ìbò náà ni wọ́n ṣe kà á, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Òfin tó ti ń fìyà jẹ ẹgbẹ́ yìí láti ọjọ́ pípẹ́ ni òfin kan náà tó ṣe é lóore lọ́dún 2024. Kò tọ́ nígbà tó ń fìyà jẹ wọ́n, oore tó ṣe wọ́n kò sì sọ ọ́ di òdodo. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nìyẹn, pẹ̀lú ìdí tí ó fi yẹ kí ẹgbẹ́ náà máa pariwo rẹ̀ nísinsìnyí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹkùn ìdìbò 650 ni wọ́n pín Bìrìtéènì sí. Aṣòfin kan ṣoṣo ni ẹkùn kọ̀ọ̀kan ń yàn, ẹni tí ìbò tirẹ̀ bá sì pọ̀ jù ló wọlé, ì báà jẹ́ pé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló dìbò fún un. Àwọn ìbò tó kù kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́. Wọn kì í kó wọn jọ láti ẹkùn dé ẹkùn, wọn kì í sì fi wọ́n pín ohunkóhun. Ìbò tó pọ̀ ju èyí tí olúborí nílò lọ náà kò wúlò fún un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Winchester lọ́dún 1997 jẹ́ kí èyí hàn kedere. Mark Oaten ti Liberal Democrats fi ìbò méjì péré borí aṣòfin ẹgbẹ́ Conservative tó wà lórí àga náà. Ẹni tó pàdánù gba ilé ẹjọ́ lọ nítorí àwọn ìwé ìbò kan tí wọn kò lu òǹtẹ̀ sí, adájọ́ sì ní kí wọ́n tún ìbò dì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Oaten fi ìbò tó lé ní 21,000 borí ẹni kan náà. Àga kan ni ìbò méjì fún un nígbà àkọ́kọ́, àga kan náà ni ìbò 21,000 fún un nígbà kejì. Nítorí náà, lábẹ́ òfin yìí, ibi tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ń gbé ṣe pàtàkì ju iye wọn lọ. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri, tí wọ́n ń ṣe ipò kejì níbi gbogbo, ẹgbẹ́ wọn yóò ní mílíọ̀nù ìbò láìní àga. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Òfin náà kò ṣàjèjì sí àwa ọmọ Nàìjíríà, torí òun ni Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ fún wa kí wọ́n tó lọ, òun la sì ń lò títí di òní láti yan àwọn aṣòfin wa. Nínú ìdìbò ọdún 1959 tó ṣáájú òmìnira, ìbò tí Action Group ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ rí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti NPC, tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ará Àríwá. Síbẹ̀, àga 134 ni NPC ní, Action Group sì ní 73. Òótọ́ ni pé ìdí mìíràn wà níbẹ̀: iye ènìyàn ni wọ́n fi pín ẹkùn ìdìbò, àwọn obìnrin Àríwá kò sì tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò nígbà náà, nítorí náà ìbò díẹ̀ ló ń gbé aṣòfin wọlé níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá rántí àlàfo tó wà láàárín 73 àti 134 yẹn yóò tètè lóye ohun tí àwọn lìbẹ́ràlì Bìrìtéènì ti ń sunkún lé lórí.

Ẹgbẹ́ tí à ń sọ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Gbòǹgbò rẹ̀ wọnú ẹgbẹ́ Liberal àtijọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1859, ẹgbẹ́ William Gladstone tó di olóòtú ìjọba lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn ló fi òfin ọdún 1908 bẹ̀rẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn arúgbó, ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ẹni tó ti pé àádọ́rin ọdún, àwọn náà ló sì ṣe òfin ọdún 1911 tó ń ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà àìsàn àti àìríṣẹ́. Òmìnira ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́ wọn: kí ìjọba má ṣe ni ará ìlú lára, kí ọjà ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìjọba náà ran aláìní lọ́wọ́ nítorí ẹni tí ìṣẹ́ dè mọ́lẹ̀ kò ní òmìnira kankan. Ìgbàgbọ́ yìí ló fi wọ́n sí àárín, láàárín Conservative tó ń ṣọ́ àṣà àti ohun ìní, àti Labour tí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí. Kí n má fi apá kan pamọ́: òmìnira yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà ìjọba Liberal ni wọ́n so Gúúsù àti Àríwá Nàìjíríà pọ̀ lọ́dún 1914 láìbi ẹnikẹ́ni nínú wa léèrè, Lewis Harcourt tó sì jẹ́ mínísítà fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso lé lórí nígbà náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú Port Harcourt. Ó tọ́ kí òǹkàwé mọ èyí kó tó di pé mo ń gbèjà wọn.

Ìjà àárín ara wọn ló kọ́kọ́ wó wọn. David Lloyd George gba ipò olóòtú ìjọba lọ́wọ́ Herbert Asquith lọ́dún 1916, ẹgbẹ́ pín sí méjì, Labour sì gba ojú ọ̀nà náà kọjá. Láti ìgbà tí Lloyd George ti kúrò nípò lọ́dún 1922, kò tún sí lìbẹ́ràlì tó di olóòtú ìjọba mọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1951, aṣòfin mẹ́fà ló kù wọ́n kù. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ lè sọ pé ará ìlú ló kọ̀ wọ́n, ẹ̀sùn náà sì tọ́ fún ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n kò tọ́ mọ́ láti ọdún 1974. Ní oṣù Kejì ọdún náà, ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà dìbò fún wọn, ìyẹn bí ẹnìkan nínú márùn-ún, àga 14 ni wọ́n sì fún wọn nínú 635. Lẹ́yìn náà, lọ́dún 1981, àwọn àgbà òṣèlú mẹ́rin kúrò nínú Labour: Roy Jenkins, Shirley Williams, David Owen àti Bill Rodgers. Wọ́n dá ẹgbẹ́ SDP sílẹ̀, wọ́n sì bá Liberal ṣe àdéhùn láti jọ du ìbò. Lọ́dún 1983, àjọṣe wọn rí ìdá 25.4 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò. Labour rí ìdá 27.6. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó ìdá mẹ́ta, ṣùgbọ́n àga 209 lọ sí ọ̀dọ̀ Labour, 23 sì ni ti àwọn alájọṣe. Mi ò rí àlàyé kankan tó lè jẹ́ kí èyí bá ẹ̀rí ọkàn mu. Mílíọ̀nù méje ààbọ̀ ènìyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sọ ohun tí wọ́n fẹ́, òfin sì dá wọn lóhùn bí ẹni pé wọn kò jáde rárá.

Ọdún 1988 ni Liberal àti SDP di ẹgbẹ́ kan. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe lè kó ìbò wọn jọ sójú kan. Wọ́n ti ní ọgbọ́n tí wọ́n lè fi bẹ̀rẹ̀, torí ní ìpàdé tí àwọn Liberal ṣe ní Eastbourne lọ́dún 1970 ni wọ́n ti pinnu pé àdúgbò ni àwọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ òṣèlú. Bébà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Focus ni ohun èlò iṣẹ́ náà. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ ni yóò gbé e láti ojúlé dé ojúlé, yóò tì í wọnú ihò lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ ogun tàbí ọrọ̀ ajé àgbáyé kọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ sínú rẹ̀ bí kò ṣe kòtò ojú títì, iná òpópónà tó kú, pàǹtírí tí wọn kò kó. Níkẹyìn ni wọn á ya àwòrán òpó mẹ́ta, òpó ti ẹgbẹ́ tó wà lórí àga àti òpó Liberal Democrats á sún mọ́ra, òpó kẹta á kúrú, wọn á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹgbẹ́ kẹta kò lè wọlé níbí. Òpó yẹn ni gbogbo ọgbọ́n náà. Ó ń sọ fún olùdìbò pé bí o bá fẹ́ lé ẹni tó wà níbẹ̀, àwa ni kí o lò. Paddy Ashdown lọ ń gbé ní agbègbè Yeovil, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ láti ilé dé ilé, ó sì gba àga tí Conservative ti jókòó lé láti ìgbà pípẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1983. Nígbà tó di olórí, gbogbo ẹgbẹ́ ló kọ́ ọ̀nà náà. Lọ́dún 1992, mílíọ̀nù mẹ́fà ìbò fún wọn ní àga 20. Lọ́dún 1997, ìbò wọn dín sí mílíọ̀nù 5.2, àga wọn sì di 46. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2024 ti ṣẹlẹ̀ rí, ó kàn jẹ́ pé kò tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù lè fojú ara rẹ̀ rí bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Òfin Bìrìtéènì fún ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan aṣòfin, kò dìgbà tó bá gba ìwé ọmọ onílẹ̀. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, nítorí náà ìbò náà tọ́ sí ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Southwark, tí Peckham tó kún fún àwọn ènìyàn wa wà nínú rẹ̀, Simon Hughes gba àga Bermondsey fún àwọn lìbẹ́ràlì lọ́dún 1983, ó sì dì í mú títí di ọdún 2015. Labour ló ń wọlé ní Peckham ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹni tó dìbò fún lìbẹ́ràlì ní Bermondsey ń bá wọn yan aṣòfin. Ẹni tó dìbò fún wọn ní òpópónà díẹ̀ sí i, lápá Peckham, kàn lọ fi ìwé sínú àpótí ni. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, ẹgbẹ́ kan náà, ìwé ìbò kan náà, ṣùgbọ́n agbára wọn kò dọ́gba.

Àwọn kan yóò bi mí pé ọdún 2015 ńkọ́, nígbà tí wọ́n já sílẹ̀ láti àga 57 sí 8, ṣé òfin ìdìbò náà ló ṣe ìyẹn? Rárá. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́dún 2010, Nick Clegg, olórí wọn nígbà náà, kó wọn wọ ìjọba àjùmọ̀ṣe pẹ̀lú Conservative ti David Cameron. Kí ìbò tó wáyé, òun àti àwọn olùdíje rẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀jẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé àwọn yóò dìbò lòdì sí àfikún owó ilé ẹ̀kọ́ yunifásítì. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba wọn gbé òpin iye owó náà láti pọ́ùn ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti díẹ̀ sí 9,000. Aṣòfin 21 nínú wọn kọ̀, wọ́n dìbò lòdì sí ìjọba tiwọn, ṣùgbọ́n Clegg àti àwọn mínísítà rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ó tọrọ àforíjì lọ́dún 2012, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn. Wọ́n ṣe dáadáa níbòmíì: wọ́n dín owó orí kù fún àwọn tí owó oṣù wọn kéré, wọ́n sì mú kí owó pàtàkì máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ àwọn tálákà. Ẹ̀jẹ́ tí wọ́n dà ló borí gbogbo rẹ̀. Ìbò wọn já láti mílíọ̀nù 6.8 sí mílíọ̀nù 2.4, ìyà náà sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí òfin ṣe sọ ìyà náà di ìlọ́po: ìbò wọn dín sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, àga wọn sì dín sí ìdá kan nínú méje.

Ohun tó dun èèyàn jù nínú àdéhùn ọdún 2010 ni pé wọ́n ní àǹfààní láti yí òfin náà padà, wọ́n sì tà á ní ẹ̀dínwó. Ohun tí Conservative gbà láti ṣe fún wọn ni pé kí wọ́n bi ará ìlú léèrè bóyá kí wọ́n máa to àwọn olùdíje ní ipò kìíní, ìkejì, ìkẹta lórí ìwé ìbò. Ìyẹn kì í ṣe pípín àga gẹ́gẹ́ bí ìbò ṣe pọ̀ tó. Aṣòfin kan ṣoṣo náà ni ẹkùn kọ̀ọ̀kan yóò ṣì máa yàn, Clegg fúnra rẹ̀ sì ti bu ẹnu àtẹ́ lu ètò náà kí ìbò ọdún 2010 tó wáyé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, ìdá 67.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò kọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn tí òfin àtijọ́ ń ṣe lóore ti ń sọ pé ará ìlú ti dájọ́. Ìbéèrè tí wọn kò bi ará ìlú ni wọ́n ń sọ pé ó ti dáhùn.

Wàyí o, ẹni tó bá mọ ìṣirò lè ta kò mí báyìí pé: ìdá 12.2 ìbò ni wọ́n rí lọ́dún 2024, àga 72 nínú 650 sì jẹ́ ìdá 11. Ohun tó tọ́ sí wọn ló dé ọwọ́ wọn, kí ló kù? Àtakò yìí lágbára, ó sì yẹ kí n dáhùn rẹ̀ dáadáa. Àkọ́kọ́, nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá, àwọn nìkan ni ìwọ̀n náà bá mu. Labour fi ìdá 33.7 ìbò gba àga tó lé ní 410, ìyẹn ìdá 63 gbogbo ilé. Reform UK ti Nigel Farage rí mílíọ̀nù 4.1 ìbò, tó ju ti Liberal Democrats lọ, àga márùn-ún ni wọ́n fún un. Ìkejì, ẹ wo ohun tí ẹgbẹ́ náà ṣe láti rí ìdá 11 yẹn. Conservative ti ń wó, Liberal Democrats sì yan àwọn ẹkùn tí àwọn ń ṣe ipò kejì sí wọn, pàápàá ní Surrey, Hampshire, Oxfordshire àti Somerset, wọ́n kó gbogbo agbára wọn síbẹ̀. Ed Davey tó jẹ́ olórí wọn ń ṣubú sínú omi adágún Windermere níwájú àwọn oníròyìn kí ẹ̀gbin tí àwọn iléeṣẹ́ omi ń dà sínú odò lè di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé gbọ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú àwọn aláìlera àti àwọn tó ń tọ́jú wọn nílé, ọ̀rọ̀ tó mọ̀ látìgbà èwe rẹ̀ nígbà tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nípa àjọṣe Bìrìtéènì pẹ̀lú Yúróòpù, tí wọ́n ti fi ṣe orí ọ̀rọ̀ wọn lọ́dún 2019, ohùn wọn rẹlẹ̀, nítorí ó lè lé àwọn olùdìbò Conservative àtijọ́ sá. Ohun tí òfin yìí ń sọ ẹgbẹ́ dà nìyẹn: ó ń jẹ́ kí ó máa bá ọgọ́rin ẹkùn sọ̀rọ̀, kí ó sì dákẹ́ fún àwọn tó kù. Conservative, ẹgbẹ́ tí Kẹ́mi Badenoch, ọmọ Yorùbá, wá di olórí rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ni wọ́n gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àga náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Conservative bá sì gbérí lọ́la, àga tó wọlé pẹ̀lú ìbò tí kò pọ̀ sí i lè jáde láìjẹ́ pé ìbò dín kù.

Àtakò tó gbajúmọ̀ jù ni pé bí wọ́n bá ń pín àga gẹ́gẹ́ bí ìbò, kò ní sí ẹgbẹ́ tó lè dá ṣèjọba, ìjọba yóò sì máa dà wó. Ẹ̀rí Bìrìtéènì fúnra rẹ̀ kò gbè é lẹ́yìn. Ìjọba àjùmọ̀ṣe ọdún 2010 lo ọdún márùn-ún pé pérépéré. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Conservative nìkan di ìjọba mú, láàárín ọdún 2016 sí 2022 nìkan, Cameron lọ, Theresa May dé, ó lọ, Boris Johnson dé, ó lọ, Liz Truss lo ọjọ́ 49 ó fi ipò sílẹ̀, Rishi Sunak sì gorí oyè. Àwọn mìíràn ní olùdìbò kò ní mọ aṣòfin tirẹ̀ mọ́. Scotland ti dá wọn lóhùn láti ọdún 1999: ìbò méjì ni olùdìbò ń dì fún ilé aṣòfin wọn, ọ̀kan fún aṣòfin ẹkùn rẹ̀, ìkejì fún ẹgbẹ́, aṣòfin 73 ń wá láti ẹkùn, 56 sì ń wọlé láti fi tún ìwọ̀n ṣe. Liberal Democrats bá Labour ṣèjọba níbẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, ìtọ́jú ara ọ̀fẹ́ fún àwọn àgbà sì bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba náà lọ́dún 2002.

Èyí tó nira jù ni ti Reform. Bí wọ́n bá ti fi ìwọ̀n ìbò pín àga lọ́dún 2024, Farage ì bá ní aṣòfin tó tó 90, ọ̀pọ̀ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń sọ nípa àwọn àjèjì kò lè dùn mọ́ aṣíkiri kankan nínú. Èmi náà kò fẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn mílíọ̀nù mẹ́rin yẹn wà nílùú yálà wọ́n ní àga tàbí wọn kò ní, òfin tó ń fi wọ́n pamọ́ lónìí sì lè fi ìdá 30 ìbò gbé wọn gorí ìjọba lọ́la láìsí ẹnikẹ́ni tó lè dá wọn dúró, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe fi ìdá 33.7 fún Labour ní gbogbo agbára. Lábẹ́ ìwọ̀n, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ẹni tó máa gbà láti bá wọn ṣe é kí wọ́n tó lè ṣèjọba.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 2024, Sarah Olney, aṣòfin Liberal Democrats láti Richmond Park, gbé àbádòfin kan wá síwájú ilé pé kí wọ́n máa pín àga gẹ́gẹ́ bí ìbò. Ìbò 138 sí 136 ló fi kọjá ìpele àkọ́kọ́, àwọn aṣòfin Labour kan sì wà lára àwọn tó gbè é. Irú àbádòfin bẹ́ẹ̀ kò lè di òfin bí ìjọba kò bá fún un láyè, ìjọba Labour kò sì ṣe tán láti wó ilé tó gbé e dé ipò lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìgbà tó ń bọ̀ fi ṣe pàtàkì. Bí ìdìbò kan bá tún parí tí kò sí ẹgbẹ́ tó ní ìdajì ilé, tí wọ́n sì wá kan ilẹ̀kùn Liberal Democrats bíi ti ọdún 2010, òfin pípín àga gẹ́gẹ́ bí ìbò ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì, odindi rẹ̀, kí ilé fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ipò mínísítà kankan.